Ẹ Má Lẹ Téèpù Bo Iná Táyà

Nínú gbogbo iná tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan wà tí àwa ọlọ́kọ̀ Ìbàdàn kì í kà sí rárá. Àwọ̀ ìyeyè ni. Àwòrán táyà tí wọ́n là láàárín ni wọ́n yà síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sókè, àmì ìyanu kan sì dúró gbọnrangandan sínú rẹ̀. Tí iná ọ́ìlì bá tàn, a ó wá ẹ̀gbẹ́ títì páàkì sí. Tí ti ẹ́ńjìnnì bá tàn, a ó pe mẹkáníìkì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti táyà yìí ńkọ́? Ó lè tàn láti Iléyá títí di Kérésì, a ó kàn máa bá ìrìn wa lọ láti Bódìjà sí Challenge ni. Mo ti wọ ọkọ̀ kan ní Ìwó Road tí awakọ̀ rẹ̀ lẹ téèpù dúdú bo iná náà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ó ń wọ̀ mí lójú lálẹ́ ni. Kò sí nǹkan kan tó ṣe táyà."

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè mọ̀, èrò mẹ́rin ló sì kó sẹ́yìn.

Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, ooru àti agbára tó ń ti nǹkan, ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ iná kékeré yìí fi ká mi lára tó báyìí.

Kì í ṣe àṣejù òyìnbó ló gbé e dé inú ọkọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, iléeṣẹ́ Firestone ní kí àwọn èèyàn dá táyà tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà. Abẹ́ ọkọ̀ Ford Explorer ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ojú táyà náà á ṣàdédé ṣí kúrò lára rẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ á sì gbókìtì. Àwọn aláṣẹ ìrìnnà ní Amẹ́ríkà ka ikú tó lé ní 270 mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ táyà àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn, wọ́n sì jà títí àjọṣe wọn fi dàrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tí kò tó àti ooru wà láàárín àríyànjiyàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní TREAD Act. Òfin yẹn ló bí iná táyà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní in. Àwọn ará Yúróòpù náà tẹ̀ lé e, ó sì di dandan lára gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tiwọn ní oṣù Kọkànlá 2014. Ìdí nìyẹn tí tòkúnbọ̀ 2008 fi ní iná yìí, tí ti 2003 tó jọ ọ́ bí ìbejì kò sì fi ní in.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táyà kò ṣòro láti rí tí èèyàn bá farabalẹ̀. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Bó ṣe ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká, tó tún ń nà, tó tún ń ká, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí eré. Ìká àti ìnà yẹn ló ń di ooru. Rọ́bà kì í tètè tú ooru sílẹ̀, nítorí náà inú táyà á máa gbóná sí i, títí ohun tó so ojú táyà mọ́ wáyà inú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ wá ro ti ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lọ́sàn-án gangan, èrò kún ọkọ̀, ẹrù kún bùtù, awakọ̀ sì ń sáré kó tó bá gosíló pàdé níwájú. Táyà tó bẹ́ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti máa jò díẹ̀díẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbéra nílé.

Ojú lásán ò sì lè rí i. Gbogbo wa la máa ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà kí a tó wọlé sọ́kọ̀, ó ti mọ́ wa lára. Táyà òde òní, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ kódà nígbà tí atẹ́gùn rẹ̀ pé. Ẹ gbé èyí tó wà ní 32 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú táyà) àti èyí tó wà ní 24 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ yín kò ní mọ ìyàtọ̀. 24 yẹn gan-an sì ni ibi tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí iná tàn fún ọkọ̀ tó yẹ kó máa lo 32: ìyẹn tí atẹ́gùn bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Ẹ wò ó dáadáa. Kí iná tó tàn, táyà ti lọ jìnnà. Ẹni tó bá rí i tó ní òun á wò ó tí òun bá dé láti Èkó kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ náà ti pẹ́ kó tó dé rárá.

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ ń gbà mọ̀. Àwọn kan kò ní ohunkóhun nínú táyà. Sẹ́ńsọ̀ (ohun kékeré tó ń wọn nǹkan fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ti bíréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há, ni wọ́n fi ń ka bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, nítorí táyà tó bá rọ̀ máa ń kéré díẹ̀ sí àwọn yòókù, á sì máa yára yí jù wọ́n lọ. Ọgbọ́n ni, àmọ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jùmọ̀ rọ̀ bákan náà, ó lè má tètè mọ̀. Tí ẹ bá sì kó táyà oríṣiríṣi pọ̀, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan tó ti jẹ́, ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, á máa pariwo láìnídìí. Irú kejì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà: sẹ́ńsọ̀ wà nínú ríìmù kọ̀ọ̀kan, ó so mọ́ ìdí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà, á máa wọn atẹ́gùn, á sì máa fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Bí iná náà ṣe ń tàn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ mọ̀. Tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, tó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó sì kú, ara rẹ̀ le. Ara rẹ̀ ló ń dán wò. Tó bá tàn tó dúró, táyà kan ń pè yín. Tó bá kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, kó tó wá dúró, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ní ìṣòro: sẹ́ńsọ̀ kan ti kú, tàbí wọ́n ti yọ ọ́ dànù, tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò dá a mọ̀. Níbi tó ti ń ṣẹ́jú yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á ní, "Sẹ́ńsọ̀ lásán ni," ọkàn wọn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú kò lè kìlọ̀ fún yín mọ́ tí táyà bá rọ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀yin ni sẹ́ńsọ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

Ọkọ̀ tèmi, 2008 ni wọ́n ṣe é. Láàárọ̀, bí mo bá ṣe ń jáde ní géètì ni iná náà á máa ṣẹ́jú, á sì dúró kí n tó dé Òjóò. Kò sí ẹni tó bà á jẹ́. Bátìrì inú sẹ́ńsọ̀ máa ń lò tó ọdún 5 sí 10, iléeṣẹ́ tó ṣe é sì ti da ohun kan tó le bí òkúta bò ó kí omi má bàa wọlé, nítorí náà kò ṣeé ṣí pààrọ̀. Ọjọ́ ogbó ni. Ọkọ̀ 2008 tí sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ dúpẹ́.

Mo lọ sí ọjà Arárọmí ní Agodi Gate láti wò ó bóyá mo lè rí òmíràn. Wọ́n wà, tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù, wọ́n kó wọn sínú ike. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ fi sọ́kàn. Èkíní, sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀, bátìrì tòkúnbọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Owó tí ẹ san lè má tó ọdún kan kó tó ṣègbé. Èkejì, ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò 315 MHz, ti Yúróòpù lórí 433. Ẹ gbé méjèèjì síra, ìrísí wọn lè má yàtọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbọ́ 315 kò ní gbọ́ 433 títí ayé. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó tún wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí yóò fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ọkọ̀ kì í gba àlejò tí kò mọ̀. Ẹni tó ń ṣe wáyà ọkọ̀ ní àdúgbò yín lè má ní ẹ̀rọ yìí. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun.

N kò rà á lọ́jọ́ náà. Mo ronú sí i, mo sì rí i pé táyà mi gan-an ló yẹ kí owó náà kọ́kọ́ lọ sí. Tí owó kò bá tó méjèèjì, táyà ni kí ẹ rà. Nígbà tí wọ́n bá sì ń tú táyà àtijọ́ kúrò lára ríìmù, ìgbà yẹn ló dára láti fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i, nítorí owó títú táyà kan ṣoṣo lẹ máa san. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 3521 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2021. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè wa kò fàyè gba kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ ó kún etí títì. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ṣáínì dúdú kùn tó ń dán gbinrin, tó sì ti dàgbà ju ọmọ tó ń gbé e fún oníbàárà lọ. Ẹni tó ra redíò tuntun, tó pààrọ̀ aṣọ sítì, tó wá lọ fi irú táyà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn fọkanáísà ńkọ́? Mi ò fẹ́ bá wọn wí jù, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ kú sí. Irin tí wọ́n fi ń tú táyà, tó bá wọlé níbi tí sẹ́ńsọ̀ wà, á fọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Òmíràn sì tún ni túùbù. Táyà tubeless (èyí tí kì í lo túùbù) tó ti jò lójú méjì mẹ́ta, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ káwọn fi túùbù sí i. Kí túùbù tó lè wọlé, sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ jáde, inú páànù ìdọ̀tí ló sì ń lọ tààrà. Ọlọ́kọ̀ kò ní mọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, á máa bú ẹni tó ta ọkọ̀ fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mò ń lò ní Òjóò yàtọ̀. Lẹ́nu ìgbà ọyẹ́ kan, iná ọkọ̀ àbúrò mi, tí sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láàárọ̀, á sì kú tó bá di ọ̀sán. Àbúrò mi ní ẹ̀rọ náà ti ya wèrè. Mo ní rárá. Tí òtútù bá fi nǹkan bí 10°C wọlé, atẹ́gùn táyà máa ń lọ sílẹ̀ tó 1.5 sí 2 psi. Òfin inú ìwé físíìsì ni. Táyà tó wà ní 26 lọ́sàn-án lè di 24 ní ìdájí ọyẹ́, iná á tàn. Òótọ́ ló ń sọ láàárọ̀, òótọ́ náà ló ń sọ lọ́sàn-án: táyà yẹn wà létí bèbè. A gbé ọkọ̀ náà lọ bá ọmọ Òjóò yẹn.

Ọmọ náà kò kọ́kọ́ mú irin. Ó ní, "Tíṣà, ti àǹtí yìí ní sẹ́ńsọ̀ nínú, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bu omi ọṣẹ sínú agolo, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á yí táyà ká, kò sí nǹkan. Ó pa á yí ríìmù ká, kò sí nǹkan. Ó wá kán an sí ọrùn ibi tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn, níbi tí irin funfun náà ti wọ inú ríìmù. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìfófòó kan ṣoṣo yọ, kò tó orí abẹ́rẹ́, ó wú díẹ̀, ó bẹ́, òmíràn tún yọ níbi kan náà. Rọ́bà kékeré tó wà ní ìdí sẹ́ńsọ̀ ló ti gan. Nígbà tó máa tú táyà, òdìkejì sẹ́ńsọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń yí ríìmù díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu irin má bàa dé ibẹ̀. Nǹkan dúdú tó páálí ìṣáná ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà nìkan, ó dá a padà. Tí wọ́n bá ti tẹ́lẹ̀ lẹ téèpù bo iná ọkọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó máa wá ìfófòó yẹn kàn.

Ẹ ra géèjì tiyín, ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà. Èyí ni mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí fún, ì báà jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Géèjì ẹ̀gbẹ́ títì ti jábọ́ sílẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi sí táyà yín, tí kò bá dúró lórí òdo, ohun tó bá kà lẹ́yìn náà kò ṣeé gbára lé. Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Iye tó yẹ wà lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. 44 tàbí 51 tí wọ́n kọ sára táyà kọ́. Ibi tí táyà lè gbà dé jù nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Tí àwọn tó tún ọkọ̀ yín kùn bá ti fi ọ̀dà bo sítíkà náà, ẹ wo ìwé tó bá ọkọ̀ wá.

Fọkanáísà kan á ní kí ẹ jẹ́ káwọn fẹ́ ẹ dé 40 torí pé ẹ ń lọ sọ́nà jíjìn. Òmíràn á ní kí ẹ jẹ́ káwọn dín in kù torí oòrùn. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lóhùn. Àwọn tó kọ 32 sí ilẹ̀kùn ti ka ooru mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ pé lójú ọ̀nà á gòkè dé 35, 36. Tí ẹ bá tú atẹ́gùn rẹ̀ jáde nígbà tó gbóná, ó máa kéré jù tó bá tutù.

Bọ́tìnnì kan tún wà tó ń bà mí lẹ́rù. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ó wà lábẹ́ sítíárìn; nínú àwọn mìíràn, inú píjìnhóòlù ló wà. Wọ́n á kọ SET sí i, tàbí kí wọ́n ya àwòrán táyà yẹn sí i. Àwọn kan ti kọ́ ara wọn pé téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, iná á kú. Òótọ́ ni, ó lè kú. Ṣùgbọ́n ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé "bí táyà ṣe wà báyìí ló ṣe yẹ kó wà." Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà wà ní 24, ẹ ti kọ́ ọkọ̀ yín pé 24 ló tọ́, ó sì di ìgbà tó bá tún lọ sílẹ̀ gan-an kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé iye ara ilẹ̀kùn ná, nígbà tí wọ́n tutù. Lẹ́yìn náà lẹ tẹ̀ ẹ́.

Fún ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀: kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì dá ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo iná ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn, ti táyà náà pẹ̀lú. Tí gbogbo wọn bá tàn tí tiẹ̀ nìkan kò tàn nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà 2008 síwájú, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá pa iná kan mọ́ yín lójú, ó yẹ kí ẹ wo ti ẹ́ńjìnnì àti ti báàgì atẹ́gùn dáadáa. Iná táyà tó ń ṣẹ́jú kò burú lára ọkọ̀ tó ti pẹ́. Ẹ fi dúnàádúrà. Èyí tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ ni kí ẹ sá fún.

Ó ku táyà ẹ̀yìn, ẹ̀sítírà tí gbogbo wa ti gbàgbé sínú bùtù. Àwọn jíìpù kan ní sẹ́ńsọ̀ karùn-ún nínú rẹ̀. Ẹ lè fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí, iná kò ní kú, àfi kí ẹ fẹ́ òun náà. Èyí tó tín-ín-rín, tó kéré sí àwọn yòókù, 60 psi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà, wọ́n sì kọ 80 km/h sí i lára pé ẹ kò gbọ́dọ̀ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ti ní géèjì lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé, ẹ ṣí bùtù, ẹ kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n.